Fọ́ọ̀mù Tí Mo Buwọ́ Lù ní Dagenham

Òórùn aṣọ gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa ní Dagenham, nílùú Òyìnbó. Ilé ìfọṣọ ńlá ni, aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn la sì ń fọ. Ó wà lápá ibi odò, téèyàn bá ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò láyé àtijọ́. Bí apá ibẹ̀ ṣe rí nìyí: ọkọ̀ akẹ́rù ló ni títì, ẹlẹ́sẹ̀ ò ní ibì kankan tó lè gbà. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi ní bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti sítéṣọ̀n Heathway ní ìdájí, tó sì ń kó wọn padà níròlẹ́.

Ọ́fíìsì ni mo wà ní tèmi. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ pé bọ́ọ̀sì yóò máa gbé wọn. Ó sì jẹ́ ojúṣe wa pé bí dókítà bá kọ̀wé nípa ara ẹnikẹ́ni, a ní láti bá onítọ̀hún jókòó, ká wo bí iṣẹ́ ṣe máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lọ́dọọdún, àwọn ilé ìwòsàn tí à ń fọṣọ fún máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti bi wá bóyá à ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Màmá kan wà láàárín àwọn tó ń ká aṣọ, ọmọ Èkìtì, ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ kan ó mú ìwé dókítà wá bá mi, ó ti fi ọ̀rá wé e kí òjò má bàa pa á. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ máa dúró fún ìgbà pípẹ́.

"Bá mi fi han ọ̀gá, ọmọ mi," ó ní. "Mi ò sọ pé mi ò ṣiṣẹ́ mọ́ o. Àga ni mo ń tọrọ."

Mo fi han ọ̀gá. Ó ní òun máa kà á. Ọ̀gá yìí kì í ṣe ìkà èèyàn rárá. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Òyìnbó ló máa ń fi dáhùn. Àwọn ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀ kò fún un ní ìsinmi. Kò pẹ́ sígbà náà ni bọ́ọ̀sì bàjẹ́. Wọ́n ní kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó di oṣù méjì. Àwọn èèyàn wá ń wọ bọ́ọ̀sì ìlú dé ibi tó bá wọn dé, wọ́n ń fẹsẹ̀ rin ìyókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù.

Inú àkókò yẹn ni fọ́ọ̀mù dé. Ọ̀gá gbé e sórí tábìlì mi. "Àǹtí, ẹ sáà máàkì 'bẹ́ẹ̀ ni' sí gbogbo ẹ̀," ó fi Òyìnbó sọ fún mi. "Bọ́ọ̀sì máa padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọmọ méjì ni mo ní nílé ìwé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe òṣìṣẹ́ gidi ni. Mo máàkì ẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò rọ̀ láti ìdájí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ta omi sára màmá, bó ṣe ní kóun yẹ̀ fún un ló kó sí gọ́tà. Àwọn méjì ló gbé e wọlé. Èmi ni mo sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, orí àga mi ni wọ́n gbé e lé. Ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí, orúnkún yẹn ti wú bíi búrẹ́dì.

"Má bínú," ó sọ fún mi, "mo ti ba àga ẹ jẹ́."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan láàárín wọn gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo lọ bá ọ̀gá, mo ní mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù yẹn padà.

"Mo ti fi ránṣẹ́," ó ní.

"Ẹ jẹ́ ká kọ òmíràn nígbà náà, ká sọ pé èyí tá a kọ kì í ṣe òótọ́."

"Àǹtí, iṣẹ́ àwa méjèèjì ló wà nínú ewu yẹn."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo buwọ́ lù ú."

Ó yọ ìwé dókítà màmá jáde lábẹ́ àwọn ìwé yòókù, ó sì kà á níwájú mi, mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Yorùbá tó ń kọsẹ̀ ló fi sọ ọ́: "Mọ́mì mi náà ń rìn báyẹn. Wọ́n ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, láàárọ̀." Ó wá fa àga sún mọ́ mi. A jọ kọ lẹ́tà náà sáwọn ilé ìwòsàn ni, àwa méjèèjì sì buwọ́ lù ú.

Àwọn méjì wá láti ilé ìwòsàn láti fojú ara wọn wò ó. Wọ́n fẹsẹ̀ rin títì yẹn fúnra wọn. Wọn ò gba iṣẹ́ ìfọṣọ lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa ní àkókò láti tún un ṣe. Kí bọ́ọ̀sì tuntun tó dé, mọ́tò ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń kó àwọn èèyàn láti Heathway, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ra àga gíga mẹ́rin sí ìdí tábìlì ìkáṣọ, a sì bá gbogbo ẹni tó ní ìwé dókítà jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá òkè fún èmi àti ọ̀gá wa ní ìwé ìkìlọ̀. Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi fi tèmi sínú fáìlì mi.

Nígbà tí màmá padà síṣẹ́, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. "Ó dùn mí," ó ní. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ó yá, wá fi àga yẹn hàn mí."

Kò sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà ò sì bi í. Èyí tó sọ yẹn tó mi. N kò sí níbẹ̀ mọ́ báyìí, àmọ́ iṣẹ́ ìwé náà ni mo ṣì ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé tèmi ni kí ìwé ṣáà pé. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn lè wà nínú àpótí kékeré tí mo fẹ́ máàkì. Àwọn tí à ń jọ ṣiṣẹ́ báyìí ń sọ pé mo lọ́ra. Mo gbà. Kí n tó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" síbì kankan, mo máa ń dìde níjòókòó, mo máa ń lọ fojú ara mi wò ó.