Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Pe K Láìmí

Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ní Bìní nígbà tí olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ìró èdè kéde pé, fún ìdánwò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa máa wá fi ẹnu pe àwọn ìró tí kò sí nínú èdè rẹ̀. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni k kan tí kì í lo èémí inú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní àwọn ará Etiópíà ń pè é, àwọn Hausa náà ń pè é. Ilé wa sì rèé ní Ekenwan Road, nítòsí bárékè, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ Hausa lẹ́nu àwọn ìyàwó sójà. Mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí.

Olùkọ́ ní, "Ẹ fi ẹ̀yìn ahọ́n dí òkè ẹnu. Ẹ pa ọ̀fun dé. Ẹ wá fa gògóńgò sókè kí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín lè fún pọ̀, kí ẹ tó tú ahọ́n sílẹ̀."

Mo gbìyànjú, ikọ́ ló jáde. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé máàkì díẹ̀ ni. Mo ní mi ò ní fi í sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ní ilé ìdáná, ní balùwẹ̀, mo ń fi ìka kan gògóńgò, mo ń pe k. Àbúrò mi obìnrin, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi í dáhùn, ní, "Sister, wetin dey do your throat?" Ìyá mi rò pé eegun ẹja ló há mi lọ́fun. Wọ́n bu òkèlè ẹ̀bà ńlá.

"Gbé e mì! Má rún un!"

"Màmá, iṣẹ́ iléèwé ni."

"Iléèwé wo ló ń kọ́ èèyàn ní ikọ́?"

Mo gbé e mì kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi, mo sì sé èémí bí èèyàn ṣe ń ṣe tí ẹrù bá wúwo. Mo rí i pé ọ̀fun mi ti pa ara rẹ̀ dé. Mo sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, mo sé èémí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo pe k. Ó ta pá, bí igi gbígbẹ tó kán, gògóńgò sì fò lábẹ́ ìka mi. Mo pariwo pe ìyá mi kí wọ́n wá gbọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rù ba k àkọ́kọ́ tí mo pè jẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀ kí n tún un ṣe, ó sì jáde ketekete.

"Ó dáa," olùkọ́ ní. "T ńkọ́?"

Mo pe t náà láìmí, ọgbọ́n kan náà ni. S ló kù, ìyẹn kò gbà fún mi. Máàkì tí mo gbà tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n s yẹn ni mo ń pè nínú bọ́ọ̀sì lọ sílé, títí obìnrin tó jókòó tì mí fi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.