Ọ̀dà Dúdú Lórí Irin Àtijọ́

Búrẹ́dì ni mò ń tà. Láràárọ̀ ni mo máa ń gun ọ̀kadà mi láti Mowe lọ sí ilé búrẹ́dì kan ní Ibafo, kí n tó pín in káàkiri ṣọ́ọ̀bù àwọn oníbàárà mi. Obìnrin tó ń gun ọ̀kadà ò pọ̀ ládùúgbò wa, wọ́n sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tí mẹkáníìkì kan ṣe sí mi ló dùn mí, ó sì ń dùn mí di òní.

Ṣéènì ọ̀kadà mi ti fà, ó ń pariwo. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin náà ní Asese. Ó ní ṣéènì ti tán, pé irin eléyín méjèèjì tó ń yí i, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, náà ti jẹ. Mo sanwó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ dúró wò ó bó ṣe ń ṣe é, ẹ̀rín ló bú sí.

"Màdámú, kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Ẹ lọ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Tí àlàyé bá wà, ọkọ yín ni màá ṣe é fún."

Mo lọ jókòó. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù: pé mo lọ jókòó.

Nígbà tó parí, gbogbo rẹ̀ ń dán. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo di búrẹ́dì sẹ́yìn, mo wà létí ọ̀nà márosẹ̀, ni ṣéènì bá já. Ó lọ́ mọ́ táyà ẹ̀yìn, táyà há, ọ̀kadà sì gbé mi jù sínú koríko. Tírélà kan kọjá lórí búrẹ́dì mi. Díẹ̀ ló kù kó kọjá lórí èmi náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ifo ní kí n gbé ọ̀kadà náà wá, pé mẹkáníìkì ọ̀kadà ni bàbá onílé òun kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá náà tú irin eléyín ẹ̀yìn, ó fi ọ̀bẹ ha á. Ọ̀dà dúdú ṣí kúrò, ìpẹtà sì yọjú.

"Ta ló kun èyí?"

"Wọ́n ní tuntun ni, sà."

"Ọ̀dà nìkan ló jẹ́ tuntun. Wo bí eyín rẹ̀ ṣe rí ṣóńṣó. Tí o bá gbé ṣéènì tuntun lé irú èyí, ṣe ló máa jẹ ẹ́ run."

Bàbá ò ní kí n lọ jókòó. Ó na sípánà sí mi. Ọwọ́ mi ni mo fi tú táyà, ọwọ́ mi ni mo fi de irin tuntun àti ṣéènì tuntun. Ó kọ́ mi pé ẹnu kílíìpù tó so ṣéènì pọ̀ gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn síbi tí ṣéènì ń sáré lọ, pé ṣéènì ò gbọdọ̀ le gan-an, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ jù, pé kí n máa fọ iyanrìn kúrò lára rẹ̀ kí n tó ta epo sí i.

Mo gbé irin tó jẹ náà padà sí Asese, mo gbé e ka iwájú ọkùnrin yẹn.

"Bí wọ́n ṣe tà á fún mi nìyẹn, Màdámú."

"Ṣé wọ́n tà á fún yín pẹ̀lú ìpẹtà lábẹ́ ọ̀dà?"

Alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ló sáré dé. "Ẹ forí jì í, ìyá. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé ọkùnrin yìí ló dá ẹ̀mí mi sí ni?"

Alága ní kó dá owó mi padà. Ó kà á sí mi lọ́wọ́ láìwo ojú mi, kò sì sọ pé òun jẹ̀bi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ní kí n gbàdúrà kí n lè dárí jì í. Mo ti gbàdúrà. Inú ṣì ń bí mi.