Jàárà tí mẹkáníìkì fi sí síríǹgì jíìpù mi

Ta ló bẹ mẹkáníìkì ní jàárà?

Jíìpù àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ le jù. Mo ní kí mẹkáníìkì mi ní Múṣín yọ irin méjì nínú síríǹgì ẹ̀yìn, kó lè máa tẹ̀ dáadáa nínú kòtò.

Mo lọ gbé e láàárọ̀ yìí. Ó ń rẹ́rìn-ín!

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò yọ ọ́ o. Mo tún fi méjì kún un, jàárà ni. Ó ti lágbára!"

Agbára kí ni? Ṣé sìmẹ́ńtì ni mo fẹ́ fi kó?

Ẹ̀yìn ń dun màmá mi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí dókítà lónìí. Báyẹn ni mo ṣe fi gbé wọn dé Ìdí-Àràbà, tó ń gbé wa fò ní gbogbo kòtò.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n di ìbàdí mú: "Má dúró dè mí. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni màá wọ̀ padà sílé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe fún ọkùnrin yìí? Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n ṣe sùúrù o!