Iná Alága àti Ìṣápá Ìyá Mi

Ìṣápá funfun tó dára, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló ti máa ń kọ́kọ́ bá èèyàn jà. Á kan títí ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gúsí á wá pẹ̀tù sí i. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, nínú fúláàtì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní Festac, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé tí mo sì padà wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Oògùn tí wọ́n ń lò nígbà náà ti gba adùn lẹ́nu wọn. Ẹran kò dùn, ẹja kò dùn, ìṣápá nìkan ni ẹnu wọn ṣì ń mọ̀. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń da ìṣápá gbígbẹ tí mo rà bọ̀ láti ọjà sínú àwo, tí wọ́n á gbọ̀n ọ́n, tí iyanrìn á sì máa dún lábẹ́ rẹ̀. "Iyanrìn ni wọ́n tà fún ẹ," ni wọ́n á wí, "wọ́n wá fi ìṣápá ṣe ènì." Mo ní ó tó, n óò gbìn ín fúnra mi. Mo gboyè nínú kẹ́mísírì. Kí ni ìṣápá fẹ́ fi mí ṣe?

Ohun tó fi mí ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wà nínú fídíò orí fóònù tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbẹ̀ ìgboro, ó ní kò sí ìgbà tí a kò lè gbin ohunkóhun. Mo gbà á gbọ́. Oṣù Kejìlá ni mo gbin ìṣápá mi, inú ike ọ̀dà tí n kò lu nídìí ni mo sì gbìn ín sí. Omi dúró, gbòǹgbò jẹrà. Èyí tí kò kú ga dé orúnkún, ó tanná wàrà-wàrà bí ẹni tí wọ́n ń lé, gbogbo ohun tó so kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ìyá mi sè é, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbójú sókè wò mí. "Ó dáa. Ṣé àpẹẹrẹ rèé, tí ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Lọ́dún kejì mo fi ike sílẹ̀, mo bọ́ sórí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n orí omi ni wọ́n da iyanrìn lé kí wọ́n tó kọ́ Festac, ilẹ̀ náà kò lóúnjẹ nínú. Mo ra ìgbẹ́ adìẹ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń sin adìẹ ní Abúlé Adó, mo sì dà á bí ẹni tí kò rí ìgbẹ́ rí. Oṣù Kẹfà ni mo gbìn ín, ìyẹn tọ̀nà. Ìgbẹ́ tó pọ̀ jù ni kò tọ̀nà: ewé, ewé, ewé, títí ó fi ga ju fẹ́ǹsì lọ.

Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn olùgbé kílóòsì wa, òpópó kékeré tí ilé wa wà, gbé iná ńlá kan kọ́ sórí òpó lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ìrọ̀lẹ́ ló ń tàn, ó di òwúrọ̀ kó tó kú. Alága ẹgbẹ́, ọ̀gá ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu àṣẹ, dúró sábẹ́ iná náà, ó ya fọ́tò. Nígbà tí oṣù Kẹwàá dé, gbogbo ìṣápá tí iná ń tàn sí kò ní òdòdó kan. Ìdí ìṣápá mẹ́ta tó bọ́ sí òjìji táǹkì omi sì ti so títí ẹ̀ka wọn fi ń tẹ̀. Ilẹ̀ kan náà, ìgbẹ́ kan náà, ọjọ́ kan náà ni mo gbin gbogbo wọn. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé òkùnkùn ló ń sọ fún ìṣápá pé àkókò òdòdó ti tó, àti pé iná alága kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú fún tèmi. Ìyá mi jẹ ti ìdí mẹ́ta náà. Wọ́n ní: "Ó ti ń kan. Ó kan bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rù."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju oríyìn lọ. Lọ́dún kẹta mo dín ìgbẹ́ kù, mo jẹ́ kó jẹrà dáadáa kí n tó lò ó, mo sì ń já orí ìṣápá náà kó lè pẹ̀ka. Ó kù iná. Mo wọṣọ tó bójú mu, mo lọ bá alága nílé rẹ̀, mo bá akọ̀wé ẹgbẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá wa yí ojú iná yẹn sí títì díẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ fi òkùnkùn ṣe, sister?"

"Ìṣápá mi ni, sà. Kì í tanná nínú ìmọ́lẹ̀."

Alága wo akọ̀wé. "Ohun ọ̀gbìn tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀? Ìyẹn ò jọ ti Kristẹni o!" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tèmi kò yọ nǹkan kan lápò wọn ju ẹ̀rín lọ.

Mo bá ra náílọ́ọ̀nù dúdú. Ní ìrọ̀lẹ́ mo bo ìṣápá, ní òwúrọ̀ mo ṣí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òdòdó dé. Òfófó náà dé. Obìnrin tí kò lọ́kọ, tí kò níṣẹ́, tó ń fi náílọ́ọ̀nù dúdú bo ewé: kí ló tún kù? Akọ̀wé wo ewé náà láti orí fẹ́ǹsì, ó ní igbó ni, ojú òun kò lè tan òun. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni ọkùnrin yìí sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sẹ́kọ́ńdírì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ń fa igbó gan-an, abẹ́ iná alága ni wọ́n ń jókòó sí, nítorí ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi lè rí i wé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan. Ẹ̀tẹ̀ jókòó sílé, wọ́n ń wá làpálàpá kiri.

Àárọ̀ Sátidé kan tí mo lọ ra gáàsì ní Apple Junction ni wọ́n wá, alága, akọ̀wé àti sẹkúríìtì méjì tó mú àdá lọ́wọ́. Ìyá mi jáde sí wọn. Ohun tí mo ń sọ yìí, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, alága pàápàá kò jiyàn rẹ̀.

"Ìṣápá ni o! Ìṣápá tí mò ń jẹ ni!"

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Àwọn ọmọ òde òní ló ń tàn yín."

"Ta ló ń tàn mí? Èmi tí mo ti ń já ìṣápá lóko kí wọ́n tó bí ẹ?"

Wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Àgbà tó wà lọ́jà fúnra rẹ̀ ló mú kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nígbà tí mo dé, mo já ìṣápá kan lára èyí tó wà nílẹ̀, mo nà án sí akọ̀wé. "Ẹ jẹ ẹ́, sà." Ó gé e jẹ, ó yí i wò lọ́wọ́. Ó ní, "Ìṣápá ni. Ṣùgbọ́n ó jọ igbó." Alága ní kò sí ẹni tó jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ààbò ni, àti pé èmi gan-an ló ṣe ohun tó mú ìfura wá. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní ká di ojú ká gbàdúrà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kó jẹ́ igbó. Kò bẹ Ọlọ́run, kò bẹ ìyá mi, kò bẹ èmi.

Ìyá mi ní kí n ṣa ohun tó wà nílẹ̀. Kò tíì gbó; ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sè é fúnra wọn, wọ́n bù fún mi, wọ́n jẹun tán, wọ́n ní, "Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Kò sí irú ẹ̀ rí."

Mo tọ́ ọ wò. Kò kan rárá. Bí ewé tí wọ́n bọ̀ lómi lásán ló rí.

Àwọn èèyàn máa ń ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé kí ni ìṣápá. Alága ń kí mi báyìí, ó tilẹ̀ ti yí iná náà sí títì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kò jẹ́ kí òun sùn. Ìṣápá mi ń so lọ́dọọdún, ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń wá tọrọ rẹ̀. Mo máa ń sè é fún ìyá mi, mo máa ń jókòó tì wọ́n, mo máa ń retí kí wọ́n bú u. Wọn kò bú u mọ́ láti ọjọ́ náà. Bó kan, ó dáa. Bí kò kan, ó dáa gan-an, ọmọ mi. Wọ́n ń ṣàánú mi. Ẹnu kan ṣoṣo tó lè sọ fún mi bóyá iṣẹ́ mi ti dára, alága àti akọ̀wé rẹ̀ ló pa á dé mọ́ mi, wọ́n sì fi àdúrà parí rẹ̀.