Ohun Tó Ń Jẹ Eegun Ẹ̀yìn Ìyá Elépo

Mo ṣì ń rí ọkọ ìyá elépo lójú mi, bó ṣe pọn ìyàwó rẹ̀ wọ ọsibítù kékeré wa nítòsí Ìyànà Ọ̀fà láyé ìjọba ológun. Epo pupa ni obìnrin náà ń ṣe lábúlé wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń dùn ún láti ìgbà òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni mo ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́, mo sì gbà pé kò sí àìsàn tó lè sá pamọ́ fún awò mi tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé nǹkan kan ń bá ara jà, kò sọ ohun tó jẹ́. Mo yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan kan. Bàbá tó ń ya ẹ́síréè rí i pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń rún, ó kọ ọ́ pé ó jọ jẹjẹrẹ. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti bàbá yìí, síbẹ̀ kálukú ń fi èsì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà ni, a kì í bára wa sọ ọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n fún un ní ohunkóhun tó bá wù ú jẹ.

Ìyá elépo gbọ́. Ó ní, "Dókítà, ẹ má tíì sìnkú mi. Àbíkẹ́yìn mi ò tíì lè dá bọ́jú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n lè jókòó. Mo lọ kanlẹ̀kùn bàbá ẹ́síréè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹ̀jẹ̀ lo mọ̀, ìwọ ọmọbìnrin yìí. Kí lo fẹ́ fi eegun ṣe?"

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, sà." Mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó sú wọn, wọ́n mú fọ́tò náà, a jọ lọ bá dókítà ní wọ́ọ̀dù.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú ìyá elépo dá sí i pé òun rí ibi tó wú lókè itan rẹ̀, tí kò sì gbóná. Bàbá ẹ́síréè tún gbé fọ́tò sókè sí fèrèsé. Wọ́n ní, "Òjìji ẹ̀gbẹ́ eegun yìí, mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé iṣan ni. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọyún ló ń ṣàn wálẹ̀ sí itan."

Dókítà fi abẹ́rẹ́ fa ọyún náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo kùn ún láró kí ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lè hàn, mo wò ó títí ọrùn fi ń ro mí. Iná lọ, mo gbé awò sẹ́nu fèrèsé, mo fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn wò ó. Níkẹyìn mo rí wọn, wọ́n pupa, wọ́n tín-ín-rín: kòkòrò ikọ́ fée. Ikọ́ fée ló wọ eegun, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó sì ní oògùn.

Ìyá elépo lo oògùn náà pẹ́, ó lé lọ́dún. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kí wa, ó di ọ̀pá ìtilẹ̀ mú, inú ń bí i pé ọkọ òun ò jẹ́ kí òun tíì padà sídìí epo. Nígbà yẹn, àwa òṣìṣẹ́ ti ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ńṣì wọ́ọ̀dù láràárọ̀ Mọ́ńdè láti jọ wo èsì àwọn aláìsàn, bàbá ẹ́síréè ló sì máa ń kọ́kọ́ dé.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà máa ń wá fi ẹ̀rọ tuntun wọn yangàn fún mi. Mo máa ń yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta lẹ jọ wò ó?"