Wọ́n Sin Háàdì Ẹ̀gbọ́n Mi Láàyè

Kí n fi sílẹ̀ kẹ̀? Alága, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó gbogbo ṣọ́ọ̀bù òpópónà yìí, ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé kí n yé jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ó-ti-tán, pé mò ń lé oníbàárà rẹ̀ lọ. Mo gbọ́. Mi ò sì kúrò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, kí ẹ tó máa bá mi wí.

Onífọ́tò ni. Má-rẹ́rìn-ín làdúgbò ń pè é, torí gbogbo ẹni tó bá wá ya páásípọ́ọ̀tù ló máa ń sọ fún pé, "Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹni tó máa wò ó ní ọ́fíìsì ò fẹ́ràn eyín." Yàrá kan ṣoṣo ni sítúdíò rẹ̀: aṣọ funfun lára ògiri, àga onígi kan, jígí tó ti sán, kọ̀ǹpútà létí fèrèsé. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jókòó síbẹ̀, kò sì pa fọ́tò ẹnikẹ́ni rẹ́ rí. Tí ẹnì kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á sáré wá: "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá wa ò ní fọ́tò kankan nílé." Bọ̀dá mi á bi wọ́n pé ọdún wo ló yà á, á wá a, á rí i. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó di fọ́tò ìyá ẹ̀ mú lórí àga yẹn, tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Inú háàdì kan ni gbogbo ẹ̀ wà, àpótí dúdú kan tí ò ju ìwé ńlá lọ, tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó ní ṣájà tiẹ̀ tó ń fi gba iná.

Lọ́jọ́ kan, ihò tí wáyà ń wọ̀ nídìí háàdì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bọ̀dá mi gbé háàdì àti ṣájà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ó-ti-tán, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níkorítá. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀: ohunkóhun tí ẹ bá gbé dé, kó tó fọwọ́ kàn án rárá, á ní, "Èyí ti tán." Ó fi òjé lẹ ihò náà pọ̀, ó kó gbogbo ẹ̀ padà fún wa. Bọ̀dá mi dúpẹ́ dúpẹ́.

Ilé la dé tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Háàdì á yí, á kùn bí oyin, tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́ta á mí kanlẹ̀, á dákẹ́. Ẹ yọ wáyà, ẹ tún kì í padà, á jí. Ẹ wẹ̀yìn báyìí, ó ti sùn. Ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ wáyà. Ó ki wáyà bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà dípò iwájú. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa jẹ́ kí háàdì sinmi, ó pa á. Pàbó. Ó wá ń ṣí fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú méjì méjì kó má bàa sùn. Mo bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ kan lórí máòsì, búrẹ́dì lọ́wọ́ kejì.

"Bọ̀dá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń ṣọ́ aláìsàn."

"Ẹ jẹ́ n bá yín ṣọ́ ọ, kí ẹ lọ tọ̀."

"Máa ṣí i o. Tó bá fi lè sùn, ìwọ lo pa á."

Nígbà tó sú u, ó gbé háàdì nìkan, ó fi ṣájà sílẹ̀ lára ògiri, a jọ padà sọ́dọ̀ Ó-ti-tán. Ó tún ní ó ti tán, pé àfi kí òun fọ inú ẹ̀ nù, kó ṣófo pátápátá.

Bọ̀dá mi ní, "Ẹnjinníà, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún ló wà nínú ẹ̀ o."

"Bọ̀dá Má-rẹ́rìn-ín, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá kọ́kọ́ dà á sínú kọ̀ǹpútà mi kí n tó fọ̀ ọ́."

Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta ló pè wá. Háàdì ń yí lórí tábìlì rẹ̀, ṣájà ṣọ́ọ̀bù ló so mọ́ ọn, kò sùn. "Ẹ rí i? Àtàárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo da fíìmù sínú ẹ̀ títí ó fi kún, mo fi dán an wò." Fọ́tò ńkọ́? Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ẹ̀rọ ni, Bọ̀dá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe."

A gbé e délé, a so ó mọ́ ṣájà tó wà lára ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sùn.

Télọ̀ lèmi, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n tí iná ò bá tó máṣíìnì ìránṣọ, mo mọ bó ṣe ń kérora tí á sì dákú lórí aṣọ. Mo yí ṣájà yẹn dé, mo ka ikùn ẹ̀. Ámípù kan, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gbé jáde, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìdí háàdì ní méjì lòun ń gbà. Ṣájà ẹlòmíràn ni Ó-ti-tán kó fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe tiwa.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Ó-ti-tán, mi ò kí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tó ń da ṣájà gbogbo oníbàárà sí. Tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ padà, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, èyí tí ẹnu ẹ̀ bá ṣáà ti wọ ihò, tìẹ nìyẹn. Mo tú u. Tiwa ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú rọ́bà pupa tí ìyàwó Bọ̀dá wé mọ́ ọn lọ́rùn. Mo gbé e délé, háàdì yí láti àárọ̀ títí mo fi pa ṣọ́ọ̀bù dé. Kò sùn. Àìsàn kankan ò ṣe é rí. Fíìmù ìjà ló kún inú ẹ̀, kò sí ojú ẹnì kan tá a mọ̀.

Bọ̀dá mi ní kí n fi jì í. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn ọmọ olóògbé kan wá, ó sá sẹ́yìn aṣọ funfun, àgbàlagbà, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń hàn nísàlẹ̀. Èmi ni mo parọ́ pé kò sí nílé. Kí n wá fi ji ta? Oníbàárà tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, màá ní kó yí ṣájà ẹ̀ dé, kó ka ikùn ẹ̀. Mẹ́ta ti padà wọlé lọ bá a jà. Ó dùn mọ́ mi ju ẹran lọ. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Alága, ẹ má ránṣẹ́ sí mi mọ́. Òun ni kí ẹ pè. Kó dúró lójú gbogbo ẹni tó kó òkú òbí rẹ̀ sínú háàdì yẹn, kó sọ fún wa: ṣé ó da fọ́tò wọ̀nyẹn sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́ nù, àbí kò dà á? Kó dáhùn.