Ayò Tí Mo Ta Pẹ̀lú Kúnlé

Ọjọ́ tí mo pa Kúnlé, ọmọ mi, láyò ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Ọjọ́ Sátidé ni. Kúnlé kó àwọn tó fẹ́ràn lúdò, dráfù àti ayò jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Trans-Ekulu, nílùú Enugu. Èmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mò ń kọ orúkọ àwọn olùdíje. Ilé iṣẹ́ Kúnlé ń dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì ń retí láti gbọ́ bóyá wọn yóò dá òun náà dúró.

Lọ́sàn-án, fóònù rẹ̀ dún. Ó jáde, ó sì padà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. N kò bi í léèrè. Àwọn èrò ní kí ìyá àti ọmọ wá ta ayò. Mo pa á. Àṣà ayò ni pé kí ẹni tó borí fi ẹni tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá pariwo pé, "Ọ̀pẹ̀! Dìde níbẹ̀, lọ wá iṣẹ́ ṣe!"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Kúnlé náà rẹ́rìn-ín, ó wá sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Màámi, wọ́n ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé."

"Kí a tó ta ayò ni wọ́n ti sọ fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n wo ojú ènìyàn dáadáa kí wọ́n tó bá a ṣàwàdà. Èmi gan-an kò wojú ọmọ mi. Ìbá sàn kí n ti pàdánù.